Ọ̀pọ̀lọ́ Ń Jìjàkadì: Moustapha Alassane àti Fíìmù Kokoa

Ní ọjọ́ kan ní ìparí sáà ẹ̀kọ́, nígbà tí ìdánwò ti tán tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kò sì fẹ́ gbọ́ gírámà mọ́, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí kíláàsì, mo ta aṣọ funfun kan bo pátákó ìkọ̀wé, mo sì fi fíìmù kékeré kan hàn wọ́n. Fíìmù náà kò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 13 lọ. Kò sí ènìyàn kankan nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni, agẹmọ ni, ẹyẹ ni. Gbogbo wọn pé jọ sí agbo ìjàkadì bí ìgbà tí ìlú bá ń ṣọdún. Kí ó tó dé ìdajì, ẹ̀rín ti gba inú yàrá kan. Ọmọkùnrin kan tí kì í sábà dá sí ọ̀rọ̀ dìde dúró, ó ní: “Ọ̀gá, ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ń mí!”

Nígbà tí ó parí, mo bi wọ́n léèrè pé ilẹ̀ wo ni wọ́n rò pé ẹni tí ó ṣe é ti wá. Ẹnìkan ní Amẹ́ríkà. Òmíràn ní Jàpáànì. Ẹ̀kẹta ní Faransé. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé ọmọ orílẹ̀-èdè Niger ni, pé Moustapha Alassane ni orúkọ rẹ̀, kíláàsì dákẹ́. Niger tí wọ́n mọ̀ kò ju ti àwọn oníṣòwò àlùbọ́sà lọ, àti ti àwọn tí ń sun ẹran lẹ́bàá ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn rí pé ibẹ̀ ni ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú fíìmù ọmọlangidi ní ilẹ̀ Áfíríkà ti jáde. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ó mú mi gbé gègé.

Ọmọ tí ó fi páálí ṣe sinimá

Ọdún 1942 ni a bí Moustapha Alassane. Iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó kọ́, ìyẹn sì hàn nínú gbogbo ohun tí ó fọwọ́ kàn lẹ́yìn náà. Kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ọ ní iṣẹ́ sinimá ni ó ti ń gé àwòrán ènìyàn àti ẹranko láti ara páálí, tí ó ń ya àwòrán sórí rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí iná lè gbà kọjá, tí ó ń tan fìtílà sẹ́yìn wọn, tí òjìji wọn sì ń rìn lára ògiri. Àwọn ará àdúgbò a jókòó, wọn a máa wò ó. Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i dáadáa: ọmọdékùnrin náà kò ní ẹ̀rọ ayàwòrán, kò ní iná mànàmáná tí ó ṣe é gbọ́kàn lé, síbẹ̀ ó ní àwọn òǹwòran.

Ní Niamey ni ó ti bá Jean Rouch pàdé, ọmọ Faransé tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ ṣe fíìmù nípa àwọn ènìyàn etí odò Ọya. Ilé ìṣúra ìtàn ní ìlú náà di ilé ẹ̀kọ́ fún Alassane. Ní ọdún 1962 ó gbé Aouré jáde, fíìmù kúkúrú kan lórí ìgbéyàwó ní abúlé àwọn Zarma. Lẹ́yìn ìyẹn, Rouch bá a ṣètò ìrìn àjò lọ sí Kánádà, níbi tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Norman McLaren, ọ̀gá àgbà nínú iṣẹ́ yìí ní Office national du film.

McLaren yìí ni ó ṣe fíìmù tí a ń pè ní Voisins ní ọdún 1952. Àwọn ọkùnrin aládùúgbò méjì ni wọ́n wà nínú rẹ̀, tí òdòdó kan hù sí ààlà ilẹ̀ wọn. Olúkúlùkù ní tòun ni. Wọ́n gbé ọgbà sí i, wọ́n jà, wọ́n sì pa ara wọn. Ènìyàn gidi ni àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n McLaren sún wọn gẹ́gẹ́ bí a ti ń sún ọmọlangidi, fọ́tò kan lẹ́yìn òmíràn, débi pé wọ́n ń fò lókè ilẹ̀ láìgbé ẹsẹ̀. Àwa tí a ń gbé nítòsí Ìgòlò, tí a lè fi ẹsẹ̀ rìn kọjá ààlà sí Ìdí-Ìrókò, tí a ní ẹ̀gbọ́n ní ìhín àti àbúrò ní ọ̀hún, kò yẹ kí ìtàn yẹn ṣòroó yé wa.

Ààrẹ àwọn ọ̀pọ̀lọ́

Nígbà tí Alassane padà sílé, kò fara wé olùkọ́ rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ ni ó mú. Ní ọdún 1965 ó ya La Mort de Gandji, ìtàn ààfin ọba kan láàrin àwọn ọ̀pọ̀lọ́ àti àwọn ìjòyè tí ń pọ́n ọba lé ju bí ó ti yẹ lọ. Fíìmù náà gba ẹ̀bùn ní Dakar ní ọdún 1966, ní àjọ̀dún àgbáyé àkọ́kọ́ fún iṣẹ́ ọnà àwọn ènìyàn dúdú.

Ní ọdún 1966 kan náà ni ó gbé Bon voyage Sim jáde. Ìṣẹ́jú 5 péré ni. Sim ni ààrẹ orílẹ̀-èdè àwọn ọ̀pọ̀lọ́. Orílẹ̀-èdè kan ránṣẹ́ pè é, ó wọṣọ, ó lọ. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, àwọn ọmọ ogun tò, wọ́n ṣe é lálejò. Ìgbà tí ó máa padà sílé, ìjọba ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ wo ọdún tí ó ya àwòrán yìí. Niger àti Dahomey, tí í ṣe Bẹ̀nẹ̀ wa lónìí, gba òmìnira ní oṣù kẹjọ ọdún 1960, ọjọ́ méjì péré ló wà láàrin wọn. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1966, àwọn ológun ti gba ìjọba ní Dahomey ní ọdún 1963, wọ́n sì tún gbà á ní ọdún 1965. Ní Niger, ààrẹ àkọ́kọ́ ṣì wà lórí àga nígbà náà. Ọdún 1974 ni wọ́n tó yọ ọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ Alassane ti fi ọdún mẹ́jọ ṣáájú ìròyìn. Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọ̀rọ̀ bá bá, a mọ̀ pé òun ni.

Ǹjẹ́ ọgbọ́n yìí ṣàjèjì sí wa bí? Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó ní òru Ẹ̀fẹ̀ rí, ẹ ó ti dáhùn. Kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tó jó ní ọ̀sán, Ẹ̀fẹ̀ ni ó máa ń jáde lóru láti kọrin, láti júbà àwọn ìyá wa, láti fi àwàdà tú àṣírí olè, aláṣejù, àti olóyè tí kò mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹni tí a bá bú a máa rẹ́rìn-ín pẹ̀lú àwọn tí ń rẹ́rìn-ín, nítorí bí ó bá bínú, ó ti fi ara rẹ̀ hàn. Ohun tí Ẹ̀fẹ̀ ń fi orin ṣe ni Alassane fi ọ̀pọ̀lọ́ ṣe.

Ère tí a ń sún díẹ̀díẹ̀

Àwòrán tí a fọwọ́ yà lórí ìwé ni àwọn fíìmù tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1977, Alassane gbé Samba le Grand jáde, ìtàn akọni kan tí ó ń wá ọwọ́ ọmọbìnrin ọba, tí ọmọbìnrin náà sì ń gbé iṣẹ́ ńlá kalẹ̀ fún un. Nínú èyí, ọmọlangidi ni ó lò. Kokoa, tí ó jáde ní ọdún 2001, gba ọ̀nà kan náà.

Báwo ni ère ṣe ń rìn? A máa gbé ọmọlangidi kalẹ̀ sórí tábìlì. A ya fọ́tò kan. A sún apá rẹ̀ díẹ̀, kò ju ìbú ìrẹsì lọ, a tún ya òmíràn. A sún un, a yà á. A sún un, a yà á. Bí a bá wá to àwọn fọ́tò náà tẹ̀lé ara wọn, tí a sì jẹ́ kí wọ́n sáré kọjá lójú, ojú wa a so wọ́n pọ̀, ère a sì gbéra. Fíìmù sinimá ń fi àwòrán 24 hàn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: fún ìṣẹ́jú 13, àwòrán 18.720 ni ìyẹn. Bí a bá tilẹ̀ fi ìsún kan ṣe àwòrán méjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ti ń ṣe, a ó fọwọ́ kan ọmọlangidi nígbà 9.360. Bí ọwọ́ bá ṣèèṣì kọ lu tábìlì ní ìgbà 9.000, a ó bẹ̀rẹ̀ apá ibẹ̀ lákọ̀tun.

Iṣẹ́ sùúrù yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1912, Ladislas Starewitch, tí ó wá di ará Faransé lẹ́yìn náà, fi wáyà so ẹsẹ̀ àwọn kòkòrò tí ó ti kú, ó sì mú kí wọ́n ṣe eré orí ìtàgé níwájú ẹ̀rọ rẹ̀. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ wò ó gbà pé ó ti kọ́ kòkòrò ní ẹ̀kọ́ ni. Láti Rọ́ṣíà dé Niger, ọgbọ́n kan náà ni: wáyà, sùúrù, àti ojú tí ń kíyè sí bí ohun alààyè ṣe ń rìn. Mẹkáníìkì ni Alassane. Ẹni tí ó ti tú ẹ́ńjìnnì rí mọ̀ pé kò sí ohun tí ń yí láìní oríkèé.

Ní agbo ìjàkadì

Kókówá ni àwọn Haúsá ń pe ìjàkadì. Ibẹ̀ ni fíìmù Kokoa ti gba orúkọ. Ní Niger, ìjàkadì ju eré lọ. Láti ọdún 1975, tí wọ́n ṣe ìdíje àpapọ̀ àkọ́kọ́ ní Tahoua, gbogbo àgbègbè ni ó máa ń rán àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ wá, tí ẹni tí ó bá borí gbogbo wọn a sì gba idà. Àwọn tí kò lè lọ a jókòó ti rédíò. Tahoua yìí náà ni Alassane fìdí kalẹ̀ sí ní ìgbà ogbó rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ó fi ẹranko sí inú agbo, kì í ṣe àlá lásán ni ó ń lá. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ni: bí oníjàkadì ṣe máa ń wọ agbo pẹ̀lú ìgbéraga, bí ó ṣe máa ń fẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, bí àwọn méjì ṣe máa ń na ọwọ́ dán ara wọn wò kí wọ́n tó so mọ́ ara wọn, bí àwọn òǹwòran ṣe máa ń fò sókè. Ó wá gbé gbogbo rẹ̀ wọ ọ̀pọ̀lọ́, tí ikùn rẹ̀ ń wú tí ó ń rọ̀, àti agẹmọ, tí kì í kánjú. Ẹ̀rín pa wá nítorí pé a mọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. Aṣọ ọmọlangidi kò dán bí ti àwọn fíìmù ńlá òkè òkun, ojú ìrán náà sì rí bí ohun tí a fi ọwọ́ ṣe lóòótọ́. Èmi kò kà á sí àbùkù. Ipa ọwọ́ tí a ń rí yẹn ni ó mú kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sọ pé: “Àwa náà lè ṣe é.”

Ní ọdún 2001 tí ọ̀pọ̀lọ́ wọ̀nyí ń jìjàkadì ni UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ àràmàǹdà tí ìran ènìyàn jogún. Àwọn agbẹ́gilére wa sì ti mọ ère tí ń rìn kí sinimá tó dé. Ta ni nínú wa tí kò tíì rí igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí ọmọlangidi wà lórí rẹ̀, tí ẹni tí ó gbé e ń fa okùn lábẹ́ aṣọ, tí ejò ń bu ẹyẹ jẹ lókè orí rẹ̀?

Ohun tí a gbìyànjú rẹ̀ ní Ifangni

“Àwa náà lè ṣe é.” Mo ní kí wọ́n ṣe é. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́sàn-án ni wọ́n dúró lẹ́yìn kíláàsì. Ìjàpá ni wọ́n yàn. Wọ́n fi amọ̀ mọ ọ́n, ó gbẹ, ó sán. Wọ́n tún un mọ, ọrùn rẹ̀ ṣẹ́ ní fọ́tò kẹrìnlá. Ọmọbìnrin kan wá mú fóòmù tí ó já lára ibùsùn àtijọ́ wá láti ilé, wọ́n gé e, wọ́n ki wáyà sínú rẹ̀, wọ́n fi àkísà àǹkárá bò ó. Wọ́n fi okùn so fóònù mọ́ orí àga kí ó má baà mì. Ní gbogbo ọ̀sán Ọjọ́rú, wọ́n ya fọ́tò 132, àwòrán 12 fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí a wò ó, ìṣẹ́jú àáyá 11 ni gbogbo rẹ̀, oòrùn tí ó ti ojú fèrèsé wọlé sì ti rìn ju Ìjàpá lọ: òjìji rẹ̀ sáré láti apá ọ̀tún dé apá òsì bí ẹni tí olè ń lé.

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọkàn wọn bàjẹ́. Bàbá àgbà ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń gbẹ́ igi, bá wa níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó gba Ìjàpá lọ́wọ́ wọn, ó yí i sókè, ó yí i sílẹ̀. Ó bèèrè pé, “Níbo ni orúnkún rẹ̀ wà?” A wo ara wa. Òtítọ́ ni, ẹsẹ̀ Ìjàpá wa gún gbọọrọ bí igi ẹ̀fọ́. Bàbá ní, “Ohun tí kò ní orúnkún, ẹ fẹ́ kí ó rìn?” Ó jókòó, ó ká wáyà náà ní ibi mẹ́rin, ó sì fi hàn wọ́n bí ìwúwo ara ṣe máa ń kúrò ní ẹsẹ̀ kan kí èkejì tó gbéra. Ẹ̀kọ́ tí èmi kò lè kọ́ wọn nìyẹn, bí mo tilẹ̀ ti ka ìwé lórí sinimá. A fi aṣọ dí ojú fèrèsé, a tan gílóòbù kan, a bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ìjàpá rìn. Ó rìn bí arúgbó tí ó ń bọ̀ láti ọjà, ṣùgbọ́n ó rìn.

Èdè wo ni Ìjàpá ń sọ?

Ó wá ku ohùn. Mo fi fóònù fún wọn kí wọ́n gba ohùn Ìjàpá sílẹ̀, mo sì jáde lọ. Nígbà tí mo padà, mo gbọ́ ọ: Faransé ni Ìjàpá ń sọ. Ìjàpá tí ó jí ẹ̀wà àna rẹ̀, tí ó wọ inú gbogbo àlọ́ wa láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó ń sọ “Bonjour, mes amis.” Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Kì í ṣe pé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Òmíràn nínú wọn ń sọ Yorùbá àti Gùn nílé. Ọmọbìnrin tí ó mú fóòmù wá ni ó fèsì: “Ọ̀gá, inú fíìmù ni. Nínú fíìmù, Faransé ni wọ́n ń sọ.”

N kò lè bá a wí. Nígbà tí èmi wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n fi egungun ẹran kan kọ́ mi lọ́rùn ní ilé ẹ̀kọ́ nítorí pé mo fi Yorùbá tọrọ omi. Láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ni ó wà lọ́rùn mi, títí mo fi rí ẹlòmíràn tí ó ṣèèṣì sọ èdè ìyá rẹ̀, tí mo sì gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbọ́ Faransé dáadáa. Mo fẹ́ràn èdè náà, òun ni mo ń jẹ lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó so egungun mọ́ ọrùn ọmọbìnrin yìí. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ́ pé èdè ilé kò yẹ ojú àwòrán. Ohun tí ó ń wò láti kékeré ni ó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀.

A gba ohùn náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ní Yorùbá bí a ti ń sọ ọ́ ní Ifangni. Ó ya àwa gbogbo lẹ́nu: ní Faransé, Ìjàpá ń sọ̀rọ̀ bí olùkọ́; ní Yorùbá, ó di ọ̀kánjúwà, ó di ẹlẹ́tàn, ó di ara rẹ̀. Ọmọkùnrin tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ ni ó gba ipa náà. N kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ní ohùn tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ó kù fún wa

Moustapha Alassane ti jáde láyé ní oṣù kẹta ọdún 2015. Ní ọdún 2017, ilé ìṣúra MoMA ní New York kó àwọn fíìmù rẹ̀ jọ, ó sì fi wọ́n han àwọn ará ìlú náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ọmọ Ifangni náà mọ̀ ọ́n, ẹni tí ilẹ̀ rẹ̀ bá ilẹ̀ wa pààlà ní àríwá. Ẹ̀yin òbí tí ẹ ní tẹlifíṣọ̀n, àti ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ wá Bon voyage Sim àti Kokoa fún àwọn ọmọ, kí ẹ sì bá wọn jókòó wò ó.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, èyí tí mo ní fún yín kò pọ̀. Fóònù kan, gílóòbù kan, aṣọ tí a ó fi dí fèrèsé, wáyà, àti fóòmù àtijọ́. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìtàn gígùn. Ìṣẹ́jú àáyá 20 tó. Ẹ lọ bá agbẹ́gilére tí ó wà ní àdúgbò yín kí ó yẹ orúnkún ère yín wò. Kí ẹ tó gba ohùn sílẹ̀, ẹ lọ bi ìyá àgbà yín pé báwo ni ẹranko yẹn ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nínú àlọ́. Ó mọ̀ ọ́n.

Ní ti àwọn mẹ́sàn-án wa, wọ́n ti ń mọ ọ̀pọ̀lọ́. Wọ́n ní Ìjàpá yóò bá a jìjàkadì, wọn kò sì tíì fẹnu kò lórí ẹni tí yóò borí.